Festac Town àti Ọgbọ́n Tuntun Nínú Iṣẹ́ Ìkọ́lé

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Alákijà, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí ó sì yà sí Festac Town, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ jọ ara wọn bí ìbejì. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ wọn fún àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a ṣe ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì, ọdún 1977. Ibùgbé tí wọ́n kọ́ lé ní 5,000.

Ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà kọ́lé tẹ́lẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yọrí. Onílé a ra búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, a pe bíríkìlà. Bí owó bá tán, a dúró. Iṣẹ́ tí a dá ọjọ́ fún kò mọ ìdúró. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní Festac Town kì í ṣe sìmẹ́ńtì, nítorí èyí ti di ohun àtijọ́ ní Èkó. Ètò ni ó jẹ́ tuntun: àwòrán ilé mélòó kan tí a ń tún kọ́ láìmọye ìgbà, pẹ̀lú ojú ọ̀nà àti gọ́tà tí a ti fi sínú àwòrán ìlú.

Ètò gan-an ni ó sì wọ́n ní àkókò náà. Ní ọdún 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba ti ní kí wọ́n kó wá láti òkè òkun tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù. Kì í ṣe ti Festac Town. Bárékè àwọn ọmọ ogun ni wọ́n fẹ́ fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọ́. Èbúté Èkó kò sì lè já ju nǹkan bí mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ọkọ̀ òkun tí ó ju 300 lọ tò sójú omi, owó ìdádúró wọn ń gun orí ara lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú sìmẹ́ńtì náà sì bàjẹ́ sínú ọkọ̀. Ẹ̀rọ tuntun wo ni ó lè gba ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé lọ́wọ́ ẹrù tí a rà láìwo orí tí yóò rù ú?

Ọgbọ́n tuntun ti gba ọ̀nà mìíràn wọ Èkó rí. Lára àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé ni João Baptista da Costa, ọ̀gá àwọn tí ó kọ́ mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní ọdún 1894. Irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ gba ọmọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà di ọ̀gá. Nígbà tí ó yá, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a ṣe ọnà sí lára dé Ìjẹ̀bú-Òde, Iléṣà àti Òṣogbo. Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ti onílé. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá mú ọgbọ́n tuntun wọlé ní láti mọ ẹni tí yóò fi lé lọ́wọ́.

Lẹ́yìn àjọ̀dún náà, gègé ni wọ́n ṣẹ́ kí wọ́n tó pín ilé Festac Town fún àwọn ará ìlú. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ńlá ti kó ẹ̀rọ wọn lọ. Nígbà tí ìdílé pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ onílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi yàrá àti ṣọ́ọ̀bù kún ilé, láìka àwòrán àkọ́kọ́ sí. Bíríkìlà àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè wá ṣe é, ní búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀.