Gbàǹjo Ọkọ̀ Ológun: Owó Rírà àti Owó Ìtọ́jú

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló wá sí wa lọ́kàn nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan dá a lábàá pé kí a dáwó ra ọkọ̀ panápaná àtijọ́ kan, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Green Goddess, kí a fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n máa fi gbé omi. Owó tí wọ́n dá lé e kò pọ̀. Nítorí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni a ń ṣe jẹun, àwa ni wọ́n ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtàn ọkọ̀ náà ni a kọ́kọ́ wá lọ.

Ilé iṣẹ́ Bedford ló ṣe é, orúkọ yìí kì í sì í ṣe àjèjì létí àwọn òbí wa. Lórí irin Bedford ni àwọn káfíńtà ilé wa ti ń kan pákó mọ́ ọn, tí ó fi ń di bọ́lẹ̀kájà tó ń kó èrò àti ẹrù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Bedford ṣe nǹkan bí 250,000 ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn ológun. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọkọ̀ pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, ìjọba sì ń lù wọ́n ní gbàǹjo. Àgbẹ̀ rà, agégẹdú rà, oníṣòwò rà. Ìdí tí wọ́n fi pọ́ọ́kú ni pé ogun ti parí. Ọkọ̀ náà ṣì lágbára. Ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì ológun tó ń tọ́jú wọn kò bá wọn dé ọwọ́ ẹni tó rà wọ́n.

Láàárín 1953 sí 1956 ni wọ́n ṣe Green Goddess, nítorí ẹ̀rù bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ẹgbẹ́ panápaná àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń lò ó. Ìjọba tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1968, ṣùgbọ́n wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà pamọ́. Nígbà tí àwọn panápaná daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1977, àwọn sójà ló gbé wọn jáde. Ní 2002, nígbà tí wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, wọ́n tún gbé wọn jáde. Lẹ́yìn náà ni ìjọba tà wọ́n. Àwọn kan bọ́ sọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, àwọn mìíràn lọ sí Áfíríkà.

Báwo ni ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń jí? Ìjọba ń sanwó fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó dúró lójú kan ń bàjẹ́ ni. Táyà lè dára lójú kí ó ti gbó. Òróró bíréèkì a máa fa omi mọ́ra, irin inú rẹ̀ a sì dípẹtà. Bẹntiróòlù inú táǹkì a máa bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ ológun ayé ogun tilẹ̀ wà tí ríìmù wọn jẹ́ abala méjì tí a fi nọ́ọ̀tì dè pọ̀. Wọ́n a kun nọ́ọ̀tì wọ̀nyí ní ọ̀dà pupa, nítorí ẹni tó bá tú wọn nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú táyà, ẹ̀mí rẹ̀ lè bá a lọ.

A wá ṣírò. Ẹ́ńjìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà márùn-ún, bẹntiróòlù ló sì ń mu. Omi tó ń gbé kò ju 300 sí 400 gálọ́ọ̀nù lọ. Àwọn tó ni Bedford ti ṣíwọ́ ọkọ̀ akẹ́rù láti 1986, ilé iṣẹ́ tó gbà á lọ́wọ́ wọn sì wọ gbèsè ní 1992. A kọ̀wé sílé, a bi wọ́n pé: Ta ni yóò wà á? Ta ni yóò tún un ṣe? Níbo ni ẹ ó ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà? Ta ni yóò máa san owó epo lóṣooṣù?

Ẹ̀gbọ́n wa bínú. Wọ́n ní a fẹ́ fi ìṣirò pa iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n nígbà tí èsì dé, wọn kò dáhùn ìbéèrè kan. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ̀rọ omi tí a fi ránṣẹ́ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti dúró láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí bẹ́líìtì kan ṣoṣo.

Ojú tì wá, torí àwa náà wà lára àwọn tó dáwó ẹ̀rọ yẹn, a kò sì ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn ló ní kí a fi owó ọkọ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe, kí a sì máa san owó oṣù fún ẹni kan tí yóò máa bójú tó o.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ owó ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú owó rírà. Ẹni tó ra ẹṣin, koríko rẹ̀ ló kù tí yóò máa wá lójoojúmọ́.