Ọ̀rá Ara àti Àpò Sílíkóònù: Ìtàn Ọ̀nà Méjì tí a Ń Gbà Mú Ọmú Tóbi

1. Ìfáárà
Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àpò sílíkóònù ni ó kọ́kọ́ dé, àti pé ọgbọ́n tuntun ni fífi ọ̀rá ara obìnrin mú ọmú rẹ̀ tóbi. Ìtàn kò gbe èrò yìí. Ọ̀rá ni ó ṣáájú. A sì ti dá àwọn méjèèjì lẹ́bi rí, kí a tó tún gbà wọ́n láàyè. Ìdí tí ìdájọ́ náà fi yí padà ni kókó iṣẹ́ yìí.

2. Ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀nà Méjèèjì
Ní 1895, Vincenz Czerny, oníṣẹ́-abẹ ní Heidelberg, ní ilẹ̀ Jámánì, ṣe àkọsílẹ̀ nípa obìnrin kan tí ó yọ kókó kúrò nínú ọmú rẹ̀. Ó gé kókó ọ̀rá kan lẹ́yìn obìnrin náà, ó sì fi dí àyè tí ó ṣófo. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tí a ṣí nípò, tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, kíkú ni yóò kú. Ní 1962, ní Houston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Thomas Cronin àti Frank Gerow fi àpò tí sílíkóònù kún inú rẹ̀ sínú ọmú obìnrin fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpò kì í yọ́ bí ọ̀rá, ṣùgbọ́n ó lè bẹ́, àpá tí ara fi yí i ká sì lè fún un pọ̀.

3. Ẹ̀bi àti Àre
Ní 1987, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-abẹ àtúntò ara ní Amẹ́ríkà tako fífa ọ̀rá sínú ọmú, nítorí ọ̀rá tí ó kú a máa le, ó sì lè ṣi ẹni tí ń wá jẹjẹrẹ nínú àwòrán X-ray lọ́nà. Ní 1992 ó kan àpò: ìjọba dá lílo sílíkóònù fún ẹwà lásán dúró, nítorí ẹ̀rí àwọn tí ń ṣe é kò tó. Lẹ́yìn ìwádìí, a gba sílíkóònù padà ní 2006. Ní 2009 ẹgbẹ́ náà dẹwọ́ lórí ọ̀rá. Síbẹ̀, ní 2011, ìjọba kéde pé ó jọ pé irú jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀ tan mọ́ àpò.

4. Àgbálọgbábọ̀
Kì í ṣe pé ọ̀rá jẹ́ ti ara ẹni, tí àpò sì jẹ́ àjèjì, ni ó yí ìdájọ́ padà, bí kò ṣe títẹ̀lé àwọn obìnrin náà fún ọdún púpọ̀. Láti 1962 sí 1992 jẹ́ 30 ọdún. Nínú ọdún wọ̀nyí, ara àwọn obìnrin ni a fi ṣe ìdánwò tí ó yẹ kí ó ti ṣáájú títà.