Irin Ìkoná Yàrá H3

Ọdún 1878 ni wọ́n dá Moral Sciences Club sílẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe kíláàsì, kò sì sí ìdánwò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ a jókòó sínú yàrá kan, ẹnì kan a ka ohun tó kọ, àwọn yòókù a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè. Ní 1912 wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 7, àfi tí alága bá yọ̀ǹda. Kò pẹ́ sí i tí Ludwig Wittgenstein, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 23 láti Austria, sọ ohun tí fìlọ́sọ́fì jẹ́ láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 4. Ó wù mí kí àwọn tó ń bá wa sọ̀rọ̀ ní àpéjọ àárọ̀ gbọ́ èyí!

Àmọ́ alẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá 1946 ló sọ ẹgbẹ́ náà di olókìkí. Yàrá H3 ní King's College ni wọ́n wà, iná ń jó nínú ààrò. Karl Popper ni àlejò. Ó ní àwọn ìṣòro gidi wà nínú fìlọ́sọ́fì. Wittgenstein, tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àti alága, kò gbà. Lójú tirẹ̀, bí a ṣe ń lo èdè ló ń dojú ọ̀rọ̀ rú. Ó mú irin tí wọ́n fi ń ko iná, ó ń fì í bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Popper kọ ọ́ pé Wittgenstein ní kí òun mú àpẹẹrẹ òfin ìwà rere kan wá, òun sì fèsì pé kí èèyàn má fi irin ìkoná halẹ̀ mọ́ àlejò. Ó ní ìyẹn ló mú Wittgenstein bínú jáde. Peter Geach, tóun náà wà níbẹ̀, ní irọ́ ni: Wittgenstein ti jáde kí Popper tó sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 30 èèyàn ló wà nínú yàrá náà, Bertrand Russell wà lára wọn, síbẹ̀ wọn ò fẹnu kò títí wọ́n fi darúgbó. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ wíwá òtítọ́ nìyẹn o.

Wọ́n kọ́ wa pé ẹ̀rí ẹni tọ́rọ̀ ṣojú rẹ̀ ló lágbára jù. Nílé wa, bàbá àgbà àti àbúrò wọn ń jiyàn lórí ibi tí bàbá wọn fi ẹsẹ̀ rìn dé nígbà tó ń fi ààlà ilẹ̀ hàn wọ́n. Àwọn méjèèjì ló tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà. Mo ti máa ń rò pé ọ̀kan ń parọ́. Nígbà ọlidé tó kọjá, mo mú ìwé lọ bá wọn, mo sì kọ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ojú ewé tirẹ̀.