Àgùntàn ni tàbí Àjàkálẹ̀ Àrùn? Bí Wharram Percy Ṣe Di Ahoro

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ kékeré yìí ni ọ̀rọ̀ Wharram Percy, abúlé kan tó di ahoro ní Yorkshire, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ abúlé náà wà nínú ìwé tí Ọba William fi ka ilẹ̀ àti dúkìá ní ọdún 1086. Ìdílé Percy tó ni ilẹ̀ náà nígbà kan ló fún un ní apá kejì orúkọ rẹ̀.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1349 ló pa irú abúlé báyìí run. Ní ti Wharram Percy, a kò fara mọ́ èrò yìí. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí ilé 30 ṣì ní olùgbé ní ọdún 1368. Nígbà tó di 1458, ó ku ilé 16. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe ní ọdún 1517 ni ó ti hàn pé onílẹ̀ ti wó ilé mẹ́rin tó kù. Irun àgùntàn ń mówó wọlé ju ọkà lọ, olùṣọ́ díẹ̀ ló sì tó fún agbo ńlá. Bí àgùntàn ṣe gba ilẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn awalẹ̀pìtàn náà kò gbẹ́yìn. Láti ọdún 1950 títí di 1990 ni Maurice Beresford, onímọ̀ ìtàn ọrọ̀ ajé, àti John Hurst, tó dara pọ̀ mọ́ ọn láìpẹ́, fi ṣe iṣẹ́ níbẹ̀. Dípò kí wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró, ojú ilé lódindi ni wọ́n ń ṣí. Wọ́n hú egungun àwọn òkú tó tó 700 níbi ṣọ́ọ̀ṣì St Martin. Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì yìí pẹ̀lú jẹ́ ẹlẹ́rìí: nígbà tí ìjọ ń dín kù, wọ́n wó àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi òkúta dí ojú àwọn ọ̀nà tó wọ ibẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará Thixendale ń rin ìrìn wá jọ́sìn níbẹ̀ títí wọ́n fi ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní ọdún 1870.

Àgbà tó bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ìwé sọ ẹni tó wó ilé ìkẹyìn. Ògiri sọ pé abúlé náà ti ń rù tipẹ́. Kí àwa olùkọ́ má ṣe gba ọ̀kan gbọ́ láìbi èkejì.