Omi, Iyọ̀ àti Ṣúgà: Bí Ìtọ́jú Ọmọ Tí Ń Yàgbẹ́ Gbuuru Ṣe Yí Padà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìyá àgbà mọ àmì ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Àwùjẹ̀ rẹ̀ a jìn, ojú rẹ̀ a wọnú, ahọ́n rẹ̀ a gbẹ. Bí ó bá sunkún, omi kì í bọ́ lójú rẹ̀. Ohun tí ó ṣókùnkùn sí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé omi tí ń lọ yìí ni ó ń pa ọmọ. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń fawọ́ omi àti oúnjẹ sẹ́yìn, kí inú ọmọ lè sinmi. Àwọn mìíràn a ní eyín ni ó ń hù. Kò yẹ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí àwọn dókítà Òyìnbó pàápàá fi ebi pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, pẹ̀lú èrò kan náà.

Ọ̀nà tí ilé-ìwòsàn gbẹ́kẹ̀ lé ni kí a fa omi oníyọ̀ sí ọmọ lára. Èyí gba abẹ́rẹ́, ó sì gba ọwọ́ tí ó mọ iṣan ọmọ wẹ́wẹ́ í wá. Ní 1969, Olíkóyè Ransome-Kútì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí ọ̀nà mìíràn, èyí tí í ṣe fífa omi náà sí inú ikùn ọmọ. Abẹ́rẹ́ náà ni síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1960, Robert Crane ti ṣàlàyé pé ṣúgà àti iyọ̀ a máa jùmọ̀ la ògiri ìfun kọjá. Ibi tí wọ́n bá sì gbà ni omi ń tẹ̀ lé wọn gbà. Àrùn onígbáméjì kò lè dí ọ̀nà yìí. Ní 1968, David Nalin àti Richard Cash fi hàn ní Dhaka pé aláìsàn tí ó bá mu omi bẹ́ẹ̀ kò ní fẹ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún omi tí à bá fà sí i lára.

Ní 1971 ni ogun Bangladesh lé ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ ilẹ̀ Íńdíà, onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn ní Bangaon. Omi tí à ń fà síni lára tán. Dókítà Dilip Mahalanabis pàṣẹ pé kí wọ́n wọn ṣúgà gúlúkóòsì, iyọ̀ àti sódà sínú ọ̀rá, kí wọ́n pò ó mọ́ omi mímọ́, kí àwọn ẹbí aláìsàn sì máa fi ife bù ú fún wọn mu. Ṣáájú èyí, nǹkan bí 30 ní ń kú nínú 100. Láàárín àwọn tí ó mu omi yìí, iye náà kò tó 4. Ọwọ́ ìyá ni ó ṣe iṣẹ́ tí abẹ́rẹ́ kò ráyè ṣe.

Nígbà tí Ransome-Kútì di mínísítà ètò ìlera ní 1985, ó tan ìmọ̀ yìí ká Nàìjíríà. Ìgò bíà kan tàbí ìgò mínírà méjì ni a fi ń wọn omi, ṣíbí pẹrẹsẹ ni a fi ń wọn iyọ̀ àti ṣúgà. Ibí yìí ni wàhálà àwọn nọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá pé ṣúgà ní ń fa jẹ̀díjẹ̀dí? Báwo ni a ó ṣe wá fún ọmọ tí inú ń yọ lẹ́nu ní ohun dídùn? Bákan náà, ohun tí ìyá ń wá ni oògùn tí yóò dá ìgbẹ́ dúró, omi yìí kì í sì í dá a dúró. Ó ń dá omi ara padà ni. Nọ́ọ̀sì a mú ìyá jókòó, a ní kí ó máa fi ṣíbí rọ omi náà fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ bá bì í, wọn a dúró fún ìṣẹ́jú 10, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Ọmú kò gbọdọ̀ dá. Kí ìyá tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò po omi náà lójú nọ́ọ̀sì, nítorí ṣíbí ilé kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì, àpọ̀jù iyọ̀ sì lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Èyí ni a fi ń yan ti inú ọ̀rá tí a ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ láàyò.

Ní 2002, àjọ ìlera àgbáyé dín iyọ̀ àti ṣúgà inú ọ̀rá náà kù. Ní 2004 ni wọ́n fi síǹkì kún ìtọ́jú náà, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà ni ó tún bọ́ sí láti rí i pé ìyá lo oògùn yìí tán fún ọmọ tí ìgbẹ́ rẹ̀ ti dá láti ọjọ́ kẹta.