Ọ̀bọ Yábà àti Ìbéèrè Ọjọ́ Ogbó

Ọ̀nà tí ó gba Ọ̀jọ́ àti Òkokomáikò kọjá lọ sí Bàdágìrì ni ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ ilẹ̀ ti Èkó lọ sí Gánà ń tọ̀ títí di òní. Bí ó bá la Kútọnú àti Lòmé já, kò ní jìnnà mọ́ sí Kpeve, ìlú kékeré kan ní ìhà ìlà-oòrùn Gánà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan tí ń jẹ́ Asibi, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1927. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni ó ń ṣe é. Ara Asibi yá. Ọ̀bọ tí wọ́n gún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó kú, ikú ọ̀bọ náà sì ni ìròyìn ayọ̀ tí àwọn onímọ̀ tí ó wà ní Yábà ti ń retí láti ọdún méjì.

Ọdún 1925 ni Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà fi ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ sí Yábà, lábẹ́ àkóso Henry Beeuwkes, láti wá ohun tí ń fa ibà yìí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ohun tí wọ́n bá nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Hideyo Noguchi, ọmọ Jàpáànì tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, tí ó ti kéde ní ọdún 1919 pé òun rí kòkòrò àrùn náà ní Ecuador. Ẹmọ́ òyìnbó ni ó fi ṣe ìwádìí rẹ̀. Àwọn ti Yábà náà gún ẹmọ́ òyìnbó ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n gún un títí, wọn kò rí kòkòrò Noguchi. Àṣé ẹranko náà kì í ṣàìsàn ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ rárá. Àrùn mìíràn, èyí tí ìtọ̀ eku ń tàn kálẹ̀, ni Noguchi rí. Ẹranko tí a ṣì yàn ti ṣi àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́nà fún ọdún mẹ́jọ gbáko.

Ọ̀bọ inú igbó tiwa kò ṣe é lò pẹ̀lú. Ó ti pẹ́ jù tí òun àti ibà yìí ti jọ ń gbé. Kòkòrò náà a máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìdá a dùbúlẹ̀. Ọ̀bọ rhesus tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, tí kò mọ ibà náà rí, ni ó ń ṣàìsàn bí ènìyàn, tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ bí ti ènìyàn. Láàárín oṣù díẹ̀, Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson ti fi hàn pé abẹ́rẹ́ àti ẹ̀fọn lè gbé àrùn náà láti ara ọ̀bọ kan dé ara òmíràn, àti pé ohun tí ń fà á kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń gba inú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá. Fáírọ́ọ̀sì ni.

Owó tí wọ́n san pọ̀. Stokes kó ibà náà, ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi wá sí Àkíràà láti gbèjà ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibà kan náà pa á ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 1928, ó sì pa William Young tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ láìpẹ́ lẹ́yìn náà. Fáírọ́ọ̀sì ara Asibi ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní ọdún 1937, èyí tí ó fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1951. Òun náà ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tí à ń fún ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà lónìí.

Irú ìbéèrè Yábà yẹn ni ó tún dojú kọ àwọn tí ń ṣèwádìí ogbó: ara ta ni a ó ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń darúgbó? Èkúté kì í lò ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ, èérí tí ń kó jọ sínú ọpọlọ àwọn tí àìsàn ìgbàgbé ń ṣe kì í sì í sí lórí tirẹ̀ àfi bí ènìyàn bá yí àbùdá rẹ̀ padà. Ọ̀bọ rhesus sún mọ́ wa, ṣùgbọ́n ó lè gbé tó ogójì ọdún. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ irú ọ̀bọ yìí kù ní ọdún 1987 ní ibùdó kan, àti ní 1989 ní Wisconsin, láti mọ̀ bóyá ẹ̀mí wọn yóò gùn. Orí ẹlòmíràn nínú wọn ti funfun kí èsì tó dé. Ní 2009, Wisconsin ní àrùn ọjọ́ ogbó dín kù. Ní 2012, ibùdó kejì ní ẹ̀mí kò gùn sí i. Oúnjẹ tí ibùdó méjèèjì ń fún wọn kò sì rí bákan náà. Íńdíà ní tirẹ̀ ti fòfin de kíkó ọ̀bọ rhesus jáde láti 1978.

Ìdí nìyí tí ojú fi yí sí àwọn kéékèèké. Marmoset ti Brazil kò tó ìdajì kílò, ó sì ti di àgbà bí ó bá pé ọdún mẹ́jọ. Mouse lemur ti Madagascar, tí wọ́n ń sìn ní Brunoy nítòsí Paris, kò ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Ní orí àwọn arúgbó kan nínú wọn, èérí ọpọlọ yẹn ń hù fúnra rẹ̀. Wọ́n dára fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n inú àgò kan náà ni gbogbo wọn ń dàgbà, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Àwọn àgbà Ìdíkàn ní Ìbàdàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis, nínú iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oṣúntókun wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn Yorùbá tí ó ti pé ọdún 65 wé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni 1.35 ni àìsàn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn, àmọ́ ẹni 3.24 ni ní Indianapolis. Àbùdá APOE e4, tí ń ti àwọn ará Indianapolis sínú àìsàn náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ní agbára lórí àwọn ti Ìdíkàn.