Kòsọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́: Ọba Tó Di Oníṣòwò

Tí a bá gbọ́ orúkọ Kòsọ́kọ́, ogun tó lé e kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní ìparí ọdún 1851 la sábà máa ń rántí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu ìlú, wọ́n ní torí òwò ẹrú ni, wọ́n sì dá Akíntóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, padà sórí oyè.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé e dé Ẹ̀pẹ́, níbi tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ sá lọ. Ọba tí kò nítẹ̀ẹ́ mọ́ gbájú mọ́ òwò, èbúté Palma àti Lekki sì wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì tó lé e fi wá bá a dúnàádúrà. Lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854, òun àti kọ́ńsùlù Benjamin Campbell ṣàdéhùn: Kòsọ́kọ́ ò ní jà fún Èkó mọ́, ó sì máa jáwọ́ nínú òwò ẹrú, Palma di èbúté tirẹ̀.

Ó padà sí Èkó lọ́dún 1862, ó kú lọ́dún 1872. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn rẹ̀ ló bá a padà. Àtọmọdọ́mọ wọn là ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní, àwọn àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ló jọ ń gbé ìlú náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn ogun 1851 délẹ̀, kó má dúró sí Èkó nìkan; kó wọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́.